Omi Tó Dànù: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Ka Àwọn Ọmọ Tí Kò Dúró



Ọ̀kan nínú àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ mi ló fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi. Iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kan ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ọ̀gá rẹ̀ sì ní kó kọ ìròyìn lórí ikú ọmọdé. Ó ní: "Prof, ìwádìí ọdún 2018 sọ pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, 132 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Ti ọdún 2021 ní 102 ni. Ti ọdún 2023 sí 2024 ní 110 ni. Ṣé ó ń lọ sílẹ̀ ni àbí ó tún ti ń gòkè? Èwo ni kí n kọ, sà?"

Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó ti ìbéèrè náà. Kì í ṣe pé ìdáhùn rẹ̀ le. Ohun tó dá mi dúró ni pé mo jẹ gbèsè kan lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 2001, n kò sì tíì san án. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní kíláàsì mi lọ́dún náà ni mo jẹ ní gbèsè. Òní ni mo fẹ́ san án, àmọ́ ìtàn ni yóò ṣáájú, kí gbèsè náà lè yé yín.

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ

Ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yẹn. Ẹni tó bá dúró lójúde ọlọ́mọ tó ń ka ọmọ, wọ́n á bi í pé kí ló ń wá. Èyí nìkan ti tó láti da iṣẹ́ onímọ̀ ìṣirò rú. Síbẹ̀, ti ọmọ tó wà láyé ṣì dẹrùn. Ti ọmọ tó ti kú ló le. Nígbà tí ọmọ ọwọ́ bá kú, kí la máa ń sọ fún ìyá rẹ̀? A máa ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọ̀rọ̀ ìtùnú tó dára ni, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe fún àkọsílẹ̀: agbè nìkan la ó máa tọ́jú, omi tó dànù ti wọlẹ̀.

Bí ẹ bá bi ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí, wọ́n á ní mẹ́rin. Àwa mẹ́rin náà la wà láyé. Mo ti ń kọ́ni ní yunifásítì kí ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó jẹ́ kí n gbọ́ pé méje ni wọ́n bí. Ọmọ mẹ́ta ti lọ kí wọ́n tó bí mi. Ìyá mi ò purọ́ o. Ohun tí etí wọn gbọ́ nínú ìbéèrè náà ni pé, "Ọmọ mélòó lẹ ní?" Ìyẹn ni wọ́n sì dáhùn.

Ẹ má rò pé àwọn baba wa kò ní àkọsílẹ̀ o. Orúkọ ni wọ́n fi kọ tiwọn. Málọmọ́: ọmọ kan ti lọ rí. Kòsọ́kọ́: kò sí ọkọ́ mọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀. Ìgbẹ́kọ̀yí: igbó tí à ń gbé òkú ọmọ lọ kọ èyí. Kòkúmọ́, Bánjókòó, Dúrójayé, Dúrósinmí. Ilé tí ẹ bá ti gbọ́ ọ̀kan nínú orúkọ wọ̀nyí, ẹ mọ̀ pé omi ti dànù níbẹ̀ rí. Àkọsílẹ̀ ni lóòótọ́, àmọ́ kò ní ọjọ́, kò ní ọjọ́ orí, kò sì sọ iye. Àwọn àgbà sọ pé àbíkú sọ olóògùn dèké. Ẹ ó rí i níwájú pé ó sọ onímọ̀ ìṣirò náà dèké.

Ìwé ìbí, ìwé ikú

Láwọn orílẹ̀-èdè tí ìjọba ti ń kọ ìbí àti ikú sílẹ̀ tipẹ́, iṣẹ́ yìí kò le. Ní ilẹ̀ England, láti ọdún 1837 ni ìjọba ti ń kọ ọ́. Ẹ óò ka iye ọmọ tí wọ́n bí, ẹ óò ka iye tó kú, ẹ óò pín in, ó parí.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkànìyàn pàápàá, tó jẹ́ kíka àwọn alààyè, a ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe. A ka èèyàn ní 1962, wọ́n fagi lé e. A tún kà ní 1973, wọ́n fagi lé ìyẹn náà. Èyí tá a kà kẹ́yìn ni ti 2006. Bí kíka alààyè bá fa irú awuyewuye báyìí, ta ló máa ka òkú ọmọ? Ọmọ tí wọ́n bí sílé, tó sì kú ní ọjọ́ kẹta, kí ọjọ́ ìkómọ tó pé, kò tíì ní orúkọ. Ta ni yóò wọ mọ́tò lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ láti lọ kọ orúkọ ẹni tí kò tíì lórúkọ sílẹ̀?

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ló kù. Ọ̀kan ni kí èèyàn jókòó sí ìlú kan, kó máa tẹ̀lé ọmọ kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Èkejì ni kó bi àwọn ìyá léèrè.

Káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni dókítà David Morley gbà. Ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ìparí àwọn ọdún 1950 ló sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀lé àwọn ọmọ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ohun tó rí ni pé àwọn àrùn tí ọmọ òyìnbó máa ń ní tó sì máa ń yè, bí èèyi àti ikọ́ líle, ń pa ọmọ tiwa. Ó rí i pé ibà, ìgbẹ́ gbuuru, òtútù àyà àti àìjẹunre-kánú ń ran ara wọn lọ́wọ́: ọmọ tí èèyi bá ti fi sílẹ̀ láìlókun, ìgbẹ́ gbuuru á wá gbé e lọ. Káàdì ìwọ̀n ọmọ tí ìyá máa ń mú lọ mú bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń gbàbẹ́rẹ́, tó ní ìlà tí ìwọ̀n ọmọ gbọ́dọ̀ máa gùn, ibí ni Morley ti tún un ṣe, ayé sì wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ni káàdì náà ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ọsibítù. Ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ìyá wà nínú ìyẹn.

Iṣẹ́ Ìmẹ̀sí-Ilé péye, torí pé kò sí ọmọ tó kú tí wọn ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìlú kan ṣoṣo ni. Nàìjíríà tóbi ju Ìmẹ̀sí lọ, owó àti dókítà tí a ó fi jókòó sí gbogbo abúlé kò sì sí.

Bí Brass ṣe bi àwọn ìyá

Ọ̀nà kejì ni ti William Brass, ọmọ ilẹ̀ Scotland. Láti ọdún 1948 títí di 1955 ló fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣirò ìjọba amúnisìn ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ní Nairobi. Ìwé ìbí kò sí níbẹ̀, ìwé ikú kò sí. Ohun tó wà ni ìdáhùn àwọn obìnrin sí ìbéèrè méjì: ọmọ mélòó lẹ ti bí, mélòó ló ṣì wà láyé?

Àwọn kan á ní kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Ìyá kan lè bí ọmọ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, òmíràn ti bí tirẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn. Báwo la ó ṣe da gbogbo rẹ̀ pọ̀? Ọgbọ́n Brass ni pé ọjọ́ orí ìyá ń sọ nǹkan nípa ọjọ́ orí ọmọ. Àwọn obìnrin tó wà láàárín ọdún 20 sí 24, ọmọ wọn kò tíì pẹ́ láyé. Iye tó ti kú nínú ọmọ wọn ń sọ fún wa nípa ikú kí ọmọ tó pé ọdún méjì. Tàwọn tó wà láàárín ọdún 25 sí 29 ń sọ nípa ikú kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́ta. Tàwọn tó wà láàárín ọdún 30 sí 34 ń sọ nípa ikú kí ọmọ tó pé ọdún márùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣe àpẹẹrẹ bí mo ṣe máa ń ṣe é lójú pátákó. Ká ní a rí 100 obìnrin tó wà láàárín ọdún 30 sí 34. Wọ́n ti bí 400 ọmọ lápapọ̀, 80 nínú wọn sì ti kú. 80 nínú 400 jẹ́ 200 nínú 1,000. Brass á wá fi nọ́ńbà kan tí kò jìnnà sí 1 sọ ọ́ di púpọ̀, nọ́ńbà tó dá lórí bóyá àwọn obìnrin ìlú náà tètè ń bẹ̀rẹ̀ ọmọ bíbí tàbí wọ́n ń pẹ́. Ohun tó bá jáde ni iye ikú ọmọdé. Ní ọdún 1968 ni ìwé tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ lórí iye èèyàn Áfíríkà jáde. Lẹ́yìn náà ni Griffith Feeney fi hàn pé a tún lè mọ àkókò tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń sọ nípa rẹ̀. Bí ìyá bá ṣe dàgbà tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ń sọ nípa ìgbà tó ti pẹ́ sí. Ìyẹn ni pé ìwádìí ọjọ́ kan ṣoṣo lè sọ ìtàn ọdún mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn. Fún èmi tí mo jẹ́ òpìtàn, nǹkan ìyanu ni.

Àmọ́ ẹ wo ibi tí àlébù rẹ̀ wà. Ká ní nínú 80 ọmọ tó kú yẹn, àwọn ìyá ò dárúkọ 20, torí omi ló dànù. Ìṣirò yóò di 60 nínú 380, ìyẹn nǹkan bí 158 nínú 1,000. Ọsibítù kankan ò ṣí, abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan ò dé, síbẹ̀ ikú ọmọdé ti fi 42 dínkù lórí ìwé. Ẹ di àpẹẹrẹ yìí mú. A ó padà wá bá a.

Mo ṣe iṣẹ́ afọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò díẹ̀ nígbà tí mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀gá wa sì kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọdọ̀ fi òkú bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi ìyá nípa àwọn ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń gbé níbòmíràn. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, kí ẹ wá rọra bi í pé: "Màámi, ǹjẹ́ ẹ tún bí ọmọ kan tó ké, tàbí tó mí, àmọ́ tí kò dúró?" Ní abúlé kan, màmá kan tó ti ń rẹ́rìn-ín bá wa sọ̀rọ̀ dákẹ́ nígbà tí mo débẹ̀. Ó wo ilẹ̀ títí, ó sì na ìka méjì sókè láìsọ̀rọ̀. Mo kọ 2 sínú fọ́ọ̀mù. Mo máa ń ronú pé ká ní kánjúkánjú ni mo ṣe ọjọ́ yẹn, 0 ni ǹ bá kọ.

Ìdó àti Ìsinbọ̀dé

Ìbéèrè bí èyí ni Orubuloye àti Caldwell lò nínú iṣẹ́ wọn tó jáde ní ọdún 1975, tí mo fi kọ́ yín títí ó fi sú yín. Ìlú méjì ní Èkìtì ni wọ́n fi wéra. Ìdó ní ọsibítù, Ìsinbọ̀dé kò ní. Èdè kan náà, àṣà kan náà, oko kan náà. Ikú ọmọdé kéré gan-an ní Ìdó ju ti Ìsinbọ̀dé lọ.

Ọ̀rọ̀ ọsibítù nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀ o. Caldwell padà wo iye ọdún tí ọmọ tuntun lè retí láti lò láyé. Ìyá tí kò kàwé tí kò sì ní ọsibítù nítòsí ló fi ṣe ìpìlẹ̀. Bí ìyá tí kò kàwé bá ní ọsibítù nítòsí, iye ọdún náà fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Bí ìyá bá kàwé ṣùgbọ́n tí kò sí ọsibítù, ó fi ìdá 33 lé sí i. Bí méjèèjì bá pàdé, ìdá 87 ló fi lé. Ẹ ṣírò ó: 20 àti 33 jẹ́ 53, kì í ṣe 87. Ìwé kíkà ìyá àti ọsibítù kì í kàn-án ro ara wọn pọ̀, ńṣe ni wọ́n ń gbé ara wọn ga. Ìyá tó kàwé á tètè gbé ọmọ lọ, á bi nọ́ọ̀sì léèrè, á sì padà lọ bí oògùn ò bá ṣiṣẹ́. Ní 1979, nígbà tí Caldwell tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ ìyá àti ikú ọmọ jáde, dátà Nàìjíríà ló fi sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Ẹnu àwọn ìyá ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí ni ẹ̀rí náà ti wá.

Gbèsè mi

Ní ọdún 1990, ìwádìí ńlá kan tó kárí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí NDHS. Ọ̀nà tirẹ̀ jinlẹ̀ ju ti Brass lọ: wọ́n ń bi ìyá nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan, oṣù tí wọ́n bí i, bóyá ó wà láyé, bí kò bá sí, ọjọ́ orí tó fi kú. Ìwádìí 1990 ní ikú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lé ní 190 nínú 1,000. Ti 1999 jáde, ó ní 140.

Mo gbé e wá sí kíláàsì ní 2001. Mo ya gíráàfù sí pátákó, mo fi ṣọ́ọ̀kì kan àmì méjì, mo sì fa ìlà tó ń sọ̀kalẹ̀ láàárín wọn. Mo ní ikú ọmọdé ti fi ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ dínkù láàárín ọdún mẹ́sàn-án. Mo sọ fún yín pé pẹ̀lú gbogbo ohun tí ológun fojú wa rí, pẹ̀lú ọsibítù tí kò ní oògùn àti dókítà tó ń sá lọ sókè òkun, àwọn ìyá wa ṣì ń gba ọmọ là. Ọ̀kan nínú yín na ọwọ́. Ọmọ náà dákẹ́ gan-an, ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí. Ó ní: "Sà, ọ̀dọ̀ wa nílé, wọn ò dínkù o." Mo dá a lóhùn pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò ẹnì kan kì í ṣe dátà. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ìwádìí 2003 jáde. Ó ní 201.

Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe pé ikú ṣàdédé jí láàárín ọdún mẹ́rin, tó fi fò láti 140 sí 201. Ìròyìn 2003 fúnra rẹ̀ sọ pé ti 1999 ló kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Omi tó dànù ni wọn ò kà. Àpẹẹrẹ pátákó tí mo ṣe fún yín lókè yẹn ló ṣẹlẹ̀ lójú ayé: ọmọ tó kú tí wọn ò dárúkọ ti sọ ìlú di ibi tó sàn ju bó ṣe wà lọ. Ọmọ tó na ọwọ́ ní kíláàsì yẹn jàre. Mo rí ìròyìn 2003 nígbà tó jáde, mo kà á, mo yí ìwé ẹ̀kọ́ mi padà fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. N kò wá ẹ̀yin tí mo ti kọ́ ní ìkọkúkọ kàn. Gbèsè náà nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa ìlà tí mo yà sí pátákó rẹ́. Ìwọ tó na ọwọ́, bó o bá ń ka èyí, mo tọrọ àforíjì, kì í ṣe lórí nọ́ńbà nìkan, àmọ́ lórí ẹ̀rín náà.

Bí wọ́n ṣe ń fa ìlà náà lónìí

Ohun tí mo ṣe ní 2001 ni pé mo gba ẹlẹ́rìí méjì gbọ́ láìbi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní 2004, UNICEF, Àjọ Ìlera Àgbáyé, Báǹkì Àgbáyé àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó ẹgbẹ́ kan jọ láti máa ṣírò ikú ọmọdé fún orílẹ̀-èdè gbogbo. Ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n wá ń lò, Leontine Alkema àti Jin Rou New ló kọ nípa rẹ̀ ní 2014.

Ẹ fi wé ẹjọ́ ní ààfin. Kábíyèsí kì í fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan dájọ́. Ìwádìí kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹlẹ́rìí, kì í sì í sọ nípa ọdún tó wáyé nìkan. Ìyá tí wọ́n bi léèrè ní 2003 tàbí 2008 bí ọmọ ní àwọn ọdún 1990 pẹ̀lú, nítorí náà ó lè jẹ́rìí sí ohun tí ẹlẹ́rìí ọdún 1999 sọ. Bí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí bá ń sọ ohun kan nípa ọdún 1996, tí ọ̀kan ṣoṣo sì dá yàtọ̀, a ó mọ ẹni tí a ó bi ní ìbéèrè.

Ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan ló sì ní àbùkù tirẹ̀. Ìyá lè sọ pé ọmọ kú nígbà tó pé ọdún kan, nígbà tó jẹ́ oṣù mẹ́wàá ni, nítorí pé "ọdún kan" ló wà lẹ́nu. Bí wọ́n bá ṣe báyìí púpọ̀, ikú ọmọ ọwọ́ á dínkù lórí ìwé, ikú ọmọ tó ti ń rìn á sì pọ̀ sí i. Afọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí iṣẹ́ ti sú lè kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sẹ́yìn kó lè kọjá ọdún márùn-ún, torí ìbéèrè nípa àjẹsára àti oúnjẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún pọ̀ jù. Ìyá tó ti kú kò sì sí nílé láti dáhùn, bẹ́ẹ̀ ọmọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni ikú sábà máa ń mú. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, èèyàn díẹ̀ ni wọ́n ń bi lára ọ̀pọ̀. Obìnrin 7,620 ni wọ́n bi ní 2003, wọ́n bi 41,821 ní 2018. Bí iye wọn bá ṣe kéré tó ni nọ́ńbà náà ṣe ń mì tó.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń fa ìlà? Láyé àtijọ́, àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi máa ń lo ọ̀pá pẹlẹbẹ kan tó máa ń tẹ̀. Wọ́n á fi ìwúwo dè é mọ́lẹ̀ níbi mélòó kan, ọ̀pá náà á tẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá láìṣẹ́. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń lò, pẹ̀lú oríkèé kan ní ọdún méjì ààbọ̀ méjì ààbọ̀. Ẹlẹ́rìí tó péye máa ń fa ọ̀pá náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀ dáadáa. Ẹlẹ́rìí tó ń mì kò lè fà á jìnnà. Ọ̀pá kò sì lè fò láti 140 sí 201 láàárín ọdún mẹ́rin, torí ikú ọmọdé kì í sábà fò bẹ́ẹ̀ àyàfi bí ogun tàbí ìyàn bá dé. Lẹ́yìn náà, wọn kì í fún wa ní ìlà nìkan. Wọ́n ń fún wa ní ààyè tó yí ìlà náà ká, lókè àti nísàlẹ̀, láti sọ ibi tí òtítọ́ lè wà. Ibi tí ẹlẹ́rìí bá ti pọ̀, ààyè náà tóóró. Ní ìparí ìlà, tó jẹ́ ọdún tá a wà yìí, ó máa ń fẹ̀, torí àwọn ìyá tí yóò jẹ́rìí sí ọdún yìí, a ò tíì bi wọ́n léèrè.

Ìdí nìyẹn tí iye ọdún 1990 fi lè yí padà nínú ìròyìn ọdún 2024. Àwọn kan máa ń bínú sí i, wọ́n á ní kí ló dé tí wọ́n ń yí ohun tó ti kọjá padà. Èmi òpìtàn ò bínú. Ẹlẹ́rìí tuntun dé ni.

Ìdáhùn mi

Ó dáa, ọmọ mi tó béèrè, ohun tí mo rò pé kó o kọ nìyí.

Má fi 102 àti 110 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kó o sì kọ pé ikú ọmọdé ti gòkè. Ìwádìí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, MICS ni ti 2021, NDHS ni ti 2023 sí 2024, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń sọ nípa ọdún márùn-ún tó ṣáájú rẹ̀. Bákan náà, nígbà tí NDHS 2013 sọ pé 128, tí 2018 sì sọ pé 132, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pariwo. Ìmìtìtì ni. Wo ìlà tí gbogbo ẹlẹ́rìí jọ fà. Ní 1990, ó lé ní 200. Ní 2022, ó jẹ́ nǹkan bí 107. Nítorí náà, ó ti lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì, àmọ́ ọdún 32 ló gbà wá. Ìlérí tá a bá ayé ṣe ni pé ká fi ìdá méjì nínú mẹ́ta dín in kù láàárín 1990 sí 2015. A ò dé ibẹ̀. Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé kó di 25, ó pẹ́ tán, ní 2030. Gbogbo ayé lápapọ̀ sọ̀kalẹ̀ láti 93 sí 37 láàárín 1990 sí 2022.

Má sì jẹ́ kí nọ́ńbà kan ṣoṣo bo gbogbo Nàìjíríà mọ́lẹ̀. Nínú ìwádìí 2018, Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù jẹ́ 62, Ìwọ̀-Oòrùn Àríwá jẹ́ 187. Ìpínlẹ̀ Ògùn jẹ́ 30, Kebbi jẹ́ 252. Ọmọ tí wọ́n bí ní Kebbi àti èyí tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta, orílẹ̀-èdè kan náà ló ni wọ́n, ààrẹ kan náà ló ń ṣe ìjọba wọn. Bí ọ̀gá rẹ bá sọ pé ìpínlẹ̀ tiyín ń ṣe dáadáa nítorí nọ́ńbà rẹ̀ kéré, bi í léèrè mélòó nínú àwọn ìyá ni wọ́n bi ní ìpínlẹ̀ náà, ta ló bi wọ́n, báwo ló sì ṣe bi wọ́n. Nọ́ńbà tó kéré lè jẹ́ nítorí pé ọsibítù ń ṣiṣẹ́. Ó sì lè jẹ́ nítorí pé afọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ń kánjú. Orí ìwé, méjèèjì jọ ara wọn.

Nígbà tí mo kọ àpilẹ̀kọ yìí tán, mo mú pẹ́ńsù, mo ṣírò ilé wa bí Brass ì bá ṣe ṣírò rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ẹnu ìyá mi, mẹ́rin ni wọ́n bí, òkankan ò kú, 0 nínú 1,000. Gẹ́gẹ́ bí ẹnu ẹ̀gbọ́n wọn, méje ni wọ́n bí, mẹ́ta kú, nǹkan bí 429 nínú 1,000. Ìyá kan náà ni, ilé kan náà ni. Ẹni tó dáhùn ló yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn mọ orúkọ méjì nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì ti kọ wọ́n sínú Bíbélì ìdílé wa. Èyí ẹ̀kẹta kò dé ọjọ́ ìkómọ. Mo fi ìlà kan sílẹ̀ fún un.

Ẹ máa tọ́jú ara yín. Bí ìyá yín bá wà láyé, ẹ bá mi kí wọn.